Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe ọkàn mi, àmọ́ àyà mi ṣì ń já: ta ni kí n lọ bá?

Ìbéèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n fọkàn balẹ̀, gbogbo èèyàn ló ti sọ ọ́. Mo lè jókòó jẹ́jẹ́ báyìí, àyà mi á ṣàdédé máa lù kìkìkì, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, mi ò ní lè mí dáadáa, òógùn á bò mí, á wá dà bíi pé ikú ló dé. Wọ́n ti yẹ ọkàn mi wò, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Inú ọkọ̀ èrò ló ti kọ́kọ́ ṣe mí, mi ò sì lè wọ ọkọ̀ èrò mọ́ títí di òní. Ẹ̀gbọ́n mi ní àdúrà ni mo nílò. Ọkọ mi ní ìrònú mi ló pọ̀ jù. Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi lára oògùn tí òun fi ń sùn. Ṣé àìsàn ni àbí ojo ni mí? Bó bá jẹ́ àìsàn, ta ni kí n lọ bá?

* * *

Àìsàn ni, ẹ kì í ṣe ojo. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí ni ìpayà òjijì. Ó máa ń dé láìkìlọ̀, ó máa ń le dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè ṣe ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kan kó má padà wá mọ́. Ìgbà tó di àìsàn tó ń fẹ́ ìtọ́jú ni ìgbà tí èèyàn bá ti lo oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìbẹ̀rù pé òmíràn ń bọ̀, tó sì ti ń yí ìrìn rẹ̀ padà nítorí rẹ̀. Ọkọ̀ èrò tí ẹ ò wọ̀ mọ́ yẹn ló jẹ mí lógún jù nínú ọ̀rọ̀ yín, mo máa padà sórí rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2021, èèyàn mílíọ̀nù 359 ni àìsàn àníyàn ń bá fínra káàkiri ayé. Nínú gbogbo àìsàn tó jẹ mọ́ ọpọlọ, òun ló wọ́pọ̀ jù, ó sì ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ wà fún un. Síbẹ̀, nínú mẹ́rin tó nílò ìtọ́jú, nǹkan bí ẹnì kan ló ń rí èyíkéyìí gbà. Àwọn yòókù wà nílé, wọ́n ń gbọ́ "fọkàn balẹ̀."

Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára yín nígbà yẹn, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ìdajì ẹ̀rù ti kúrò lára rẹ̀. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ṣọ́ ewu, amygdala ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti fura sí ewu, kì í dúró béèrè. Adrenaline, èròjà tó ń ta ara jí, á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa sáré kí ẹ̀jẹ̀ lè tó ẹsẹ̀ àti apá, èémí á yára, òógùn á bo ara kí ara má bàa gbóná jù. Ọdún 1915 ni Walter Cannon, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé lórí bí ara ṣe ń múra ìjà tàbí sísá báyìí. Bí ajá dìgbòlugi bá ń lé yín bọ̀, ohun tó máa gbà yín là nìyẹn. Nínú ìpayà òjijì, gbogbo ìmúra náà dé láìsí ajá kankan.

Bí èèyàn bá wá jókòó sójú kan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí a máa ń mí síta, á jáde lára rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ibẹ̀ ni òòyì ti ń wá, tí ètè àti ìka á máa kú bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún wọn, tí gbogbo àyíká á dà bí àlá lójú ẹni. Ó ń dẹ́rù bani gan-an ni, àmọ́ kì í pani.

* * *

"Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe yẹn kò tó, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn." Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa gbà yín nímọ̀ràn nìyí, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, àmọ́ mi ò gbà pẹ̀lú wọn.

Òótọ́ ni pé àwọn àìsàn ara kan wà tó ń fara jọ àníyàn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fò wọ́n dá. Bí ẹ̀yà ara kékeré iwájú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid bá ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àyà á máa lù, ọwọ́ á máa gbọ̀n, èèyàn á máa rù. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ikọ́ fée, ọkàn tí kì í lù déédéé, ṣúgà tó já wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, gbogbo wọn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kọfí àti ohun mímu mìíràn tó ní kaféènì nínú pẹ̀lú lè dá a sílẹ̀. Nítorí náà, àyẹ̀wò kan tó péye ṣe pàtàkì. Bí wọn ò bá tíì wo thyroid yín, ẹ béèrè fún un.

Àmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é tán, ẹ dúró. Bí ẹ bá tún gba ilé ìwòsàn mìíràn lọ, wọ́n á ní kò sí nǹkan, ọkàn yín á balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, iyèméjì á sì tún yọjú pé bóyá wọn ò wò ó dáadáa. Ó ti ṣe èmi náà rí, mo sì mọ bó ṣe ń rí lóru: ìka méjì lórí ọrùn ọwọ́, èèyàn ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ojú rẹ̀ wà lára aago. Bó ṣe ń kà á ló ń yára, bó ṣe ń yára ló tún ń kà á. Àyẹ̀wò àṣetúnṣe ò yàtọ̀ sí èyí, ilé ìwòsàn ni wọ́n kàn ti ń bá yín kà á.

Ohun tó yẹ kó gbé yín dìde kíákíá ni àmì tuntun: àyà tó ń dunni nígbà tí a bá ń ṣiṣẹ́ agbára tàbí tí a bá ń gun àtẹ̀gùn, ìrora tó ń ràn lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, dídákú, èémí tó ń ṣòro tí kò sì rọlẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń jókòó ti nílé, ẹ lọ lójú ẹsẹ̀.

* * *

Ẹlòmíràn béèrè pé: "Àyà tèmi kì í já bẹ́ẹ̀, mo kàn máa ń ṣàníyàn lórí gbogbo nǹkan ni. Ṣé ọ̀kan náà ni?"

Ẹbí kan náà ni, ọmọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyá kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, bí ọmọ rẹ̀ ò bá gbé fóònù, ó ti ń ro ilé ìwòsàn tí wọ́n máa gbé e lọ. Bí ọmọ náà bá wá pè padà, orí owó ilé ló bọ́ sí, láti ibẹ̀ ó bọ́ sórí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá àrùn burúkú ni. Kì í sùn dáadáa, ọrùn rẹ̀ le gbagidi, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́. Bí irú èyí bá ti ń wà lọ́pọ̀ ọjọ́ fún oṣù mẹ́fà tí èèyàn ò sì lè kó ara rẹ̀ níjàánu, àníyàn tó gbilẹ̀ nìyẹn. Ti àwọn mìíràn jẹ́ ojú èèyàn: wọn ò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ, wọn ò lè jẹun níbi tí wọ́n ti ń wò wọ́n. Ti àwọn mìíràn jẹ́ ohun kan pàtó, bí ibi gíga, abẹ́rẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀.

Ìbéèrè méje kan wà tí wọ́n ń pè ní GAD-7. Wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2006, ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ló ń béèrè nípa rẹ̀. Máàkì 21 ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ní 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Kò lè sọ àìsàn tó ń ṣe yín, àmọ́ ó máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ẹ bá dé iwájú rẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ n padà sórí ọkọ̀ èrò.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Kò sẹ́ni tó lè bá yín wí pé ẹ sá. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá yẹra fún ọkọ̀, ara á tù yín, ọpọlọ yín á sì gbà pé òótọ́ ni pé ikú wà nínú ọkọ̀, pé sísá tí ẹ sá ló gbà yín. Ó máa ń tàn kálẹ̀. Láti ọkọ̀ á dé ilé ìfowópamọ́ tí èrò pọ̀ sí, á dé ibi ayẹyẹ, títí yàrá nìkan á fi kù. Mo ti rí ẹni tí kò jáde nílé mọ́ rárá, tí ó sì jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ yẹra fún.

Àwọn ọgbọ́n kéékèèké tí a ń dá pẹ̀lú ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Èmi máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nígbà gbogbo, ìgò omi á wà lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà ẹnì kan á ti wà lójú fóònù tí mo lè tẹ̀ lójijì. Mo ń débi tí mò ń lọ láyọ̀, àmọ́ ìgò omi ni mo ń fún lọ́pẹ́. Ẹ̀rù náà ò yẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan.

Ìtọ́jú tó ń tú okùn yìí ni wọ́n ń pè ní CBT (cognitive behavioural therapy), ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ẹnu tó ń yí bí a ṣe ń ronú àti bí a ṣe ń hùwà padà. Lọ́dún 1958, dókítà ọpọlọ kan, Joseph Wolpe, ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè máa súnmọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀. Láwọn ọdún 1960, Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, mú ti èrò ọkàn wọ̀ ọ́. Lọ́dún 1986, David Clark, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ṣàlàyé pé ohun tó ń sọ àyà tó ń lù di ìpayà ni ìtumọ̀ tí a fún un: "ọkàn mi ti fẹ́ dúró." Bí wọ́n ṣe ń fi í ṣiṣẹ́ kò le láti lóye. Ẹ kọ́kọ́ dúró níbùdókọ̀, ẹ kàn máa wo àwọn èèyàn tó ń wọlé tó ń jáde. Ẹ máa lọ títí á fi sú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ọkọ̀ tó dúró, kí ẹ jókòó. Ẹ bá ẹnì kan wọ̀ ọ́ dé ibùdó tó tẹ̀ lé e. Ẹ dá wọ̀ ọ́ nígbà tí èrò kò pọ̀. Ẹ wá jókòó sáàárín, níbi tó jìnnà sí ilẹ̀kùn. Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sínú ìwé: "Màá dákú." Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìwé yẹn ló máa yí yín lọ́kàn padà ju ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lọ.

Ìpayà lè dé nígbà tí ẹ wà nínú ọkọ̀. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jókòó tì í títí á fi rọlẹ̀, torí ohun tí ẹ wá kọ́ níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Bó bá sì le jù fún yín láti dá bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tò ó fún yín ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn.

* * *

Lórí mímí: àwọn kan ní òun ni oògùn gbogbo rẹ̀, àwọn kan ní kò wúlò. Ẹ mí jẹ́jẹ́, kí èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ. Ó ń ṣèrànwọ́ lóòótọ́. Àmọ́ bí ẹ bá ti ń mí kíkankíkan kí ìpayà má bàa dé, ó ti di ìgò omi mìíràn lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ẹ lò ó láti dúró níbi tí ẹ wà. Ẹ má sì fi ẹnu sínú àpò ìwé láti mí bí àwọn kan ṣe máa ń sọ. Ó léwu fún ẹni tó bá ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn.

* * *

Oògùn ni àríyànjiyàn ti ń gbóná jù. Apá kan ní "bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ò lè fi í sílẹ̀ mọ́ láé." Apá kejì ní oògùn nìkan ló yanjú tiwọn. Bí mo ṣe rí i, oògùn méjì tí kò jọra ni wọ́n jọ ń pè lórúkọ kan.

Àkọ́kọ́ ni irú sertraline àti escitalopram. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà kí ẹ tó rí ìyàtọ̀. Láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, àníyàn lè pọ̀ sí i díẹ̀, èébì lè máa gbé yín, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jù ú nù nítorí pé kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wọn. Ó lè dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ kù. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ẹ má tijú. Fún ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 25, ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ dáadáa níbẹ̀rẹ̀, torí ó lè mú kí èrò pípa ara ẹni wá sọ́kàn àwọn kan. Wọn kì í já a lójijì, wọ́n máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú dókítà. Àmọ́ kì í mú èèyàn máa wá a kiri bí ẹni tí ọtí ń gbẹ.

Ìkejì ni irú diazepam, lorazepam àti alprazolam. Ọdún 1960 ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́ sọ́jà, diazepam tẹ̀ lé e lọ́dún 1963. Kíákíá ló ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ara máa ń mọ́ ọn lára, èyí tí ẹ ń lò á di kékeré, bí ẹ bá sì já a lójijì lẹ́yìn tó ti pẹ́, gìrì lè mú yín. Lọ́dún 2020, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fi ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára wọn nítorí èyí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n wà fún, lábẹ́ ojú dókítà. Ẹ má fi ọtí mu ún láé, àwọn méjèèjì lè jọ dá èémí dúró.

Bí oògùn oorun tí ọ̀rẹ́ yín fún yín bá jẹ́ irú èyí, ẹ dá a padà fún un. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti ń lò ó lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ gbé páálí rẹ̀ lọ fi han dókítà.

Láàárín CBT àti oògùn àkọ́kọ́ yẹn, àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Bó bá le gan-an, wọ́n lè jọ lò wọ́n pọ̀. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí tó bá yàn, bó bá ṣáà ti yan ọ̀kan.

* * *

Ẹ̀gbọ́n yín ní àdúrà. Ẹ máa gbà á bó bá ń fún yín lágbára, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé ró. Kò bá ìtọ́jú jà. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí wọ́n sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ yín ló kéré, torí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún di ẹ̀bi lé lórí yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ da oògùn tí dókítà kọ fún yín nù, ẹ má gbà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín yàtọ̀. Ó jọ pé ó fẹ́ràn yín, kò kàn mọ ohun tó máa sọ ni. Ẹ fi èyí hàn án: nígbà tí ìpayà bá dé, kí ó má sọ pé "kò sí nǹkan tó ṣe ọ́," kí ó má sì sáré gbé yín kúrò níbẹ̀. Kí ó sọ pé, "Mo wà níbí. Ó máa kọjá. Jẹ́ ká jọ dúró." Bí ẹ bá ń bi í léraléra bóyá ẹ ò ní kú, kí ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìfẹ́, kó má dáhùn rẹ̀ mọ́. Ó máa nira fún un, àmọ́ ìdáhùn àtúnsọ ń bọ́ àníyàn ni.

* * *

"Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára, àmọ́ ta ni kí èèyàn lọ bá? Kò sí dókítà ọpọlọ nítòsí mi."

Kò dìgbà tí ẹ bá rí dókítà ọpọlọ. Dókítà gbogbogbò ni kí ẹ kọ́kọ́ bá, ó lè tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú èyí fúnra rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé "àyà mi ń já," torí ọkàn ló tún máa yẹ̀ wò. Ẹ sọ pé: "Wọ́n ti yẹ ọkàn mi wò, ó dára. Ìpayà òjijì ló ń ṣe mí. Ó ti tó oṣù báyìí, mi ò sì lè wọ ọkọ̀ mọ́ nítorí rẹ̀. Mo fẹ́ ìtọ́jú àníyàn." Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé bí ẹ bá mọ̀ pé ojú máa tì yín. Bí ó bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ bá ẹlòmíràn; ẹnì kan ni, kì í ṣe gbogbo dókítà.

Níbi tí dókítà ọpọlọ ti ṣọ̀wọ́n, ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa láti fọ̀rọ̀ wérọ̀ lè ṣe púpọ̀. Ní Zimbabwe, dókítà ọpọlọ kan, Dixon Chibanda, dá ètò Friendship Bench sílẹ̀ lọ́dún 2006. Àwọn ìyá àgbà ni wọ́n kọ́, wọ́n ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, wọ́n sì ń bá a wá ojútùú sí ìṣòro rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí tí ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé jáde lọ́dún 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó lọ bá wọn yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀. CBT tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́, pàápàá bí ẹnì kan bá wà tó ń tọ́ yín sọ́nà.

Ẹ bi ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú yín ní ìbéèrè. Ibo ló ti kọ́ṣẹ́? Ṣé ó ti tọ́jú ìpayà òjijì rí? Ṣé ẹ máa jọ kojú ohun tó ń bà yín lẹ́rù, àbí ẹ kàn máa máa sọ̀rọ̀ nípa ìgbà èwe yín? Bí kò bá dárúkọ kíkojú ẹ̀rù rárá, mi ò ní fi ìtọ́jú mi lé e lọ́wọ́.

Bó bá ti dé ibi tí ẹ ń rò pé ó sàn kí ẹ kú ju kí ẹ máa gbé báyìí lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn kankan. Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tí ẹ wà tàbí kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nínú ilé kó má fi yín sílẹ̀.

CBT sábà máa ń gba nǹkan bí ìjókòó mẹ́fà sí ogún. Bí ẹ bá ti dé ìdajì rẹ̀ tí ẹ ò rí ìyípadà kankan, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú yín lójú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tó fẹ́ ṣe yàtọ̀. Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ bá ẹlòmíràn, kò sì pọn dandan kí ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.